Ẹsẹ̀ Ajá Bàbá Ọlọ́dẹ

[Fóònù ń dún.]

ÀBÚRÒ: Ẹ káàárọ̀ ma. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ọwọ́ mi dí—

Ẹ̀GBỌ́N: Káàárọ̀, dókítà ẹranko. Ṣé dáadáa lo jí? O ti jẹun?

ÀBÚRÒ: Mo ti jẹun. Àwọn ọmọ ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n wà. Ajá bàbá ọlọ́dẹ ńkọ́? Ṣé òun náà ti jẹun?

ÀBÚRÒ: Ajá tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún kì í jẹun o. Ó ti sùn lórí tábìlì. Ọ̀gá wa ń fọ ọwọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti sùn? Ṣebí aago méjì ọ̀sán lo sọ.

ÀBÚRÒ: Wọ́n ti fà á sí àárọ̀. Kí ló dé?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sí nǹkan. Ẹsẹ̀ wo lẹ fẹ́ gé gan-an?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin lẹ kọ èsì látọ̀dọ̀ yín ní lábù. Ẹ ní krómósóòmù kan ti sọnù nínú kókó ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ní kókó burúkú ni—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo mọ ohun tí mo kọ. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Network ń já. Ẹ tún un sọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fi ọ̀bẹ tuntun sínú ẹ̀rọ tí mo fi ń gé ẹran ara wẹ́wẹ́ ní lábù. Ó mú gan-an.

ÀBÚRÒ: Ẹ kú oríire ọ̀bẹ. Ẹ jẹ́ n máa—

Ẹ̀GBỌ́N: Dúró níbẹ̀. Mo bá ní kí n ṣe fújà. Mo gé ègé kókó ajá yẹn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gbogbo lábù ń yìn mí.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe?

Ẹ̀GBỌ́N: Fi ẹ̀pà méjì sínú búrẹ́dì kékeré kan, kí o wá gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ̀pà mélòó lo máa rí nínú ègé kan?

ÀBÚRÒ: Ọ̀kan. Tàbí kí n má rí rárá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o máa wá sọ pé ẹni tó ṣe búrẹ́dì jí ọ̀kan?

ÀBÚRÒ: Yéè. Ẹ ti gé sẹ́ẹ̀lì sí wẹ́wẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Àmì pupa méjì ló yẹ kó tàn nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àmì kan fún krómósóòmù kan. Ẹyọ kan ni mò ń rí. Àná ni mo tó wo ẹran tó dáa létí kókó náà. Ẹyọ kan, òun náà.

ÀBÚRÒ: Èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kí ló dé tí ẹ ò pè mí lánàá?

Ẹ̀GBỌ́N: Ojú ń tì mí. Mo tún òmíràn gé, ó nípọn, mo fi probe, oògùn tó ń mú àmì pupa yẹn tàn, sí i títí di àárọ̀ yìí. Méjì-méjì ló pé. Kókó lásán ni. Ṣé o gbọ́ mi? Kókó lásán—

[Ariwo. Ìró bàtà tó ń sáré. Ilẹ̀kùn.]

ÀBÚRÒ: Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ẹ gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi ná. Speaker ló wà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ káàárọ̀ sà. Àṣìṣe wà nínú èsì mi. Ẹ má gé ẹsẹ̀ yẹn.

DÓKÍTÀ ÀGBÀ: Lọ́jọ́ Ajé, ó dá yín lójú.

Ẹ̀GBỌ́N: Ojú ara mi nìkan ni mo gbà gbọ́ lọ́jọ́ Ajé, sà. Lónìí, mo ní kí ọ̀gá mi náà kà á, mi ò sọ iye tí mo rí fún un. Ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì. Iye wa bára mu.

DÓKÍTÀ ÀGBÀ: Ó dáa. Kókó nìkan ni n ó yọ. Ẹ fi èsì tuntun ránṣẹ́, kí ẹ buwọ́ lù ú fúnra yín.

[Ilẹ̀kùn.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló máa sọ fún bàbá?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin ni. Èmi ni mo sọ ti gígé fún un. Ó wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ó di okùn ajá mú, ajá ò sí nídìí ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀—

ÀBÚRÒ: Bàbá, ẹ gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti yẹ kókó yẹn wò.

BÀBÁ ỌLỌ́DẸ: Ẹ̀lóò?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe, ẹ foríjì mí. A ò gé ẹsẹ̀ ajá yín mọ́.

[Ìró okùn ajá tó já bọ́ sílẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Bàbá?

BÀBÁ ỌLỌ́DẸ: Mo gbọ́, ọmọ mi. Tún un sọ.

[Ìpè já.]