Ohun tí Mo Fi Kún Sinimá ní Ifọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, ìyàwó mi gan-an kò mọ̀. Mo ń kọ̀wé yìí nítorí Jímọ̀ tó máa parí oṣù yìí.

Iṣẹ́ ògbifọ̀ ni mo ń ṣe nígbà náà, nídìí mọ́tò sinimá tó máa ń káàkiri ìletò. Bí wọ́n bá ti ta aṣọ funfun, tí àwòrán bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo máa ń di gbohùngbohùn mú, tí n ó máa fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n ń wí lédè òyìnbó. Ẹnu mi dùn, kí n má parọ́. Mo sì fẹ́ràn kí èrò máa pariwo orúkọ mi.

Lọ́dún náà, wọ́n fún wa ní sinimá kan nípa ọlọ́ṣà. Sinimá yẹ̀yẹ́ ni. Ojo paraku ni ọlọ́ṣà ọ̀hún. Ẹ̀gún gún un lẹ́sẹ̀, ó sunkún. Àwọn oníwèé ìròyìn ni wọ́n ra fìlà fún un, tí wọ́n fi àdá lé e lọ́wọ́, tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé akọni ni, kí ìwé wọn lè tà. Nígbà tó yá, ojo yìí gbà wọ́n gbọ́, ó ṣá èèyàn lóòótọ́. Àwọn oníwèé ìròyìn náà ni sinimá ń bú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ó yé mi dáadáa.

Ní Mowe, mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn ń yán, wọ́n ń ká ẹní wọn. Bàbá kan tilẹ̀ wá bá mi, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, sinimá tòní yìí ò níyọ̀ o." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí a dé Ifọ̀, tí mo rí èrò bí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, mo pa ti òyìnbó tì. Mo fún ọlọ́ṣà náà lórúkọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Àdá-kò-gbọ́-ẹ̀bẹ̀! Ó rí ọlọ́pàá, ó rẹ́rìn-ín!" Níbi tó ti ń sunkún nítorí ẹ̀gún, mo ní ó ń ké ramúramù ni. Ariwo sọ. Wọ́n gbé mi sókè. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ oyè.

Lámídì wà láàárín èrò náà. Gende ọkùnrin tó ń ru ẹrù ní ìdíkọ̀ rélùwéè ni. Kò jalè rí. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn sinimá yẹn, ó dá Ìyá Ràbí tó ń ta obì dúró lọ́nà oko. Ìyá gbé obì sílẹ̀ fún un, ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Lámídì dáhùn pé, "Èmi ni Àdá-kò-gbọ́-ẹ̀bẹ̀." Ó ṣá a lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìka mẹ́ta lọ.

Lámídì sọ fún ọlọ́pàá pé sinimá ló kọ́ òun. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo gbọ́wọ́ lé Alùkùráánì, mo ní bí òyìnbó inú sinimá ṣe wí i nìyẹn, èmi kàn túmọ̀ rẹ̀ ni. Wọ́n gbà mí gbọ́. Lámídì lọ sẹ́wọ̀n. Èmi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo ń ta aṣọ báyìí, èèyàn dáadáa ni wọ́n sì ń pè mí.

Gbogbo ọdún Iléyá ni mo ń gbé ẹran lọ fún Ìyá Ràbí. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbà á. Á ní, "Má bínú, ọmọ mi, ọwọ́ òsì ni mo nà sí ọ." Òun ló ń bẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó.

Lóṣù tó kọjá, Lámídì jáde. Ó wá dọ̀bálẹ̀ nílé mi, ó ti rù kan eegun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ bẹ Ìyá Ràbí. Ẹnu yín tó ọ̀rọ̀ sọ. Sinimá òyìnbó ló tàn mí jẹ." Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ní kò burú, a ó lọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó máa parí oṣù yìí. Ìyá Ràbí ti gbọ́, ó ní bó bá ti jẹ́ èmi ni mo mú un wá, òun á dárí jì í.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́, inú lè bí ìyá, kó lé àwa méjèèjì síta, kí Lámídì pàdánù ìdáríjì tó ti tó o lọ́wọ́. Bí mo bá sì dákẹ́, Lámídì nìkan ni yóò dọ̀bálẹ̀. Èmi á jókòó sórí àga àgbà, n ó sì fi ẹnu mi yìí sọ pé, "Ìyá, ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀."