Oògùn Alẹ́ Tí Mo Sọ Di Ti Ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń rà lábẹ́ ahọ́n mi. Èmi Adépéjú, tí mo fi ojú ara mi kọ́ kọ̀ǹpútà, tí mo ń bú àwọn ọ̀mọ̀wé ní gbangba Utako, èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe Àlímátù tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé oògùn.

Ní 2008, Ọ̀gá Ọbayẹmí tó ni ilé oògùn ní kí n tún ètò tó ń tẹ ìwé pélébé ara ike oògùn ṣe. Òpó mẹ́ta ló wà níbẹ̀: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Dátábéèsì kó wọn jáde bó ṣe yẹ. Ìgbà tí mo sọ wọ́n di JSON, irú àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, kí kọ̀ǹpútà tó ń tẹ̀wé lè rí wọn kà, ni orúkọ wọn to ara wọn ní a-b-d: àárọ̀, alẹ́, ọ̀sán. Kọ̀ǹpútà ìtẹ̀wé kò sì wo orúkọ. Ipò ló ń kà, torí ọ̀lẹ mi ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Oògùn tí mo fi dán an wò, iye kan náà ni ti ọ̀sán àti ti alẹ́, kò sóhun tó hàn.

Oògùn oorun alẹ́ Baba Sànúsí, awakọ̀ àdúgbò Karmo, bá bọ́ sí ọ̀sán. Ó kírun Àyílà ọ̀sán tán, ó gbé e mì, ó wakọ̀. Oorun gbé e, ó rọ́ lu ògiri, itan rẹ̀ ṣẹ́.

Ọ̀gá ń wo gbogbo wa bí ẹni ń wo olè. "Péjú, ṣé kì í ṣe kọ̀ǹpútà rẹ?"

"Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà kì í gba rìbá o! Ẹ bi Àlímátù tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike. Kí lòun àti ìyàwó kejì Baba Sànúsí ń sọ ní kọ̀rọ̀?"

Ẹ wo ìkà! Mo ti rí àṣìṣe náà kó tó pè mí. Mo ti tún un ṣe, mo ti pa ipasẹ̀ rẹ̀ rẹ́.

Wọ́n lé Àlímátù. Àwọn ará Karmo ní ìyàwó kejì ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ kó pa Baba Sànúsí. Èmi náà ò sinmi: ẹni tó bá wo kọ̀ǹpútà mi lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ó ti mọ̀.

Lánàá, èmi àti Àlímátù pàdé ní gáréèjì Utako.

"Kai! Àǹtí Péjú, sànnu o!" Ó dì mọ́ mi. "Ẹ̀yin nìkan lẹ ò bú mi. Ọlọ́run á san án fún yín."

Mo ní, "Àmín." Àmín ni mo ṣe!

Àlímátù, mi ò bú ọ torí mo ti tà ọ́. Forí jì mí. Ọ̀gá, ẹ pè é padà, kẹ́ ẹ wá mú mi. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, orúkọ ni kẹ́ ẹ fi mú òpó, ẹ má fi ipò mú un. Bó bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ tètè fi ẹnu ara yín jẹ́wọ́. Baba Sànúsí, ìyàwó yín kejì tí ẹ kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́ yẹn, ẹ jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Kò ṣe nǹkan kan.