Èmi Ni Mo Kọ́ Orogún Mi Ní Ọ̀nà Kejì

Ẹ̀yin èèyàn mi, orogún mi bímọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Gbogbo ilé ló ń yọ̀ ṣìnkìn, èmi nìkan ni mo jókòó sínú yàrá mi ní Mafolúkù níbí, tí mo ń fi ìka àbámọ̀ bọ ẹnu. Kì í ṣe owú lásán ló ń jẹ mí o. Bó bá jẹ́ owú ni, ǹ bá sunkún, ǹ bá nu ojú mi nù, ọ̀rọ̀ á tán. Ohun tó ń dùn mí wọra ni pé èmi fúnra mi ni mo kọ́ obìnrin náà ní ọgbọ́n tó fi wọlé tì mí. Mo kọ́ ọ ní ọ̀sán gangan, mo ń fún un lóúnjẹ sí i, mo tún ń yọ̀ nígbà tó yé e. Ǹjẹ́ ẹ ti rí òmùgọ̀ bí èmi rí?

Nígbà tí owó epo rọ̀bì gba ìlú kan, tí gbogbo ilé ń ra tẹlifíṣọ̀n, iléeṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ gbà mí síṣẹ́. Kọ̀ǹpútà wọn tóbi tó odindi yàrá, ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n sì fi ń kẹ́ ẹ, àwa òṣìṣẹ́ ń làágùn lẹ́yìn ògiri. Iṣẹ́ wa ni kí á máa fi ẹ̀rọ lu ihò sára káàdì tí kọ̀ǹpútà yóò kà. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ yan díẹ̀ nínú wa tí yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá yege á kúrò nídìí ihò lílù. Wọ́n mú èmi, wọ́n mú Rísí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Rísí, ó kéré sí mi, Àǹtí ló ń pè mí, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí mi níwájú gbogbo ayé débi pé ojú máa ń tì mí.

Gbogbo ẹ̀kọ́ náà ló yé Rísí àfi ibi tí ètò ti ń yà sí méjì. Olùkọ́ wa á ya àpótí kan tó fi igun dúró, á kọ ìbéèrè sínú rẹ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kọ̀ǹpútà á gba ọ̀nà kan. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, á gba ọ̀nà kejì. Kò sí "bóyá" níbẹ̀, kò sí "ẹ jẹ́ á ṣì máa wò ó ná". Rísí á kọ ọ̀nà àkọ́kọ́ dáadáa, á fi ìkejì sílẹ̀ lófìfo, kọ̀ǹpútà á sì kọjá lọ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Olùkọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi bú sẹ́kún. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní kó máa wá bá mi nílé ní ọ̀sán Sátidé.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la máa ń jókòó sí. Ọkọ mi, tó ń bá wọn yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú, á wà nínú yàrá tí á máa gbọ́ rédíò. Mo bi Rísí pé bí kẹrosíìnì bá wà nínú sítóòfù, kí ni yóò ṣe? Ó ní òun á dáná. Bí kò bá sí ńkọ́? Ó ní òun á yá lọ́wọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kọ̀ǹpútà ò ní aládùúgbò, ohun tí èèyàn bá kọ fún un nìkan ló mọ̀. Kò yé e síbẹ̀. Ni mo bá la ẹnu mi gbàgà, mo fi ilé ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nílé ọkọ láìrí ọmọ bí, ìyá ọkọ mi sì ti dá ìgbà fún mi. Mo ní, "Gbọ́, Rísí. Bí mo bá lóyún kí Iléyá tó dé, èmi nìkan ni ìyàwó ilé yìí. Bí n kò bá lóyún, ọkọ mi á fẹ́ ẹlòmíràn. Ọ̀nà méjì náà nìyẹn."

Rísí wo ẹnu ọ̀nà yàrá níbi tí rédíò ti ń dún, ó tún wò mí. Ó ní, "Ó ti yé mi báyìí, Àǹtí." Ó kúkú yé e! Àwa méjèèjì la yege ìdánwò. Ẹ̀kọ́ parí, àmọ́ Rísí ò yé wá sílé mi ní Sátidé, èmi sì ń rò pé ìfẹ́ mi ló ń gbé e wá.

Mo gba ilé ìwòsàn lọ láàárín ìgbà náà. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe mí, kí n mú ọkọ mi wá. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó fọ́ mi létí. Ìyá rẹ̀ gbéra láti Èjìgbò, ó ní mo pe ọmọ òun ní akúra, pé n ó jẹ ọ̀rọ̀ náà tán lẹ́nu ara mi. Ẹ̀yin ẹ wò ó: bí ìbéèrè inú àpótí bá ti ṣì, kí ni ọ̀nà tó tinú rẹ̀ jáde fẹ́ dà? Gbogbo ilé ń béèrè bóyá ìyàwó ti lóyún. Ta ló béèrè bóyá ọkọ lè fúnni lóyún?

Iléyá dé, inú mi ṣófo. Ẹran àgbò ò tí ì tán nínú ìkòkò tí wọ́n fi mú ìyàwó tuntun wọlé. Rísí ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ẹ ò rí i bí? Oṣù díẹ̀ kọjá kí oyún tó hàn lára rẹ̀, èmi fúnra mi wá ń rò pé irọ́ ni dókítà pa. Lọ́jọ́ kan tó ku àwa méjèèjì nílé, mo tẹ orí ba, mo bá a nídìí ọlọ ata, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ohun tó lò fún mi.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, mo gbìyànjú lọ́dọ̀ ọkọ wa títí, mo rí i pé kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má fi ọ̀nà kejì sílẹ̀ lófìfo. Mo wá a lọ síbòmíràn."

Mo ní n ó sọ fún ọkọ wa. Kò tilẹ̀ fi ata sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ fún un. Ta ni yóò gba àgàn gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ aboyún? Ẹ kàn tètè di ẹrù yín sílẹ̀ ni." Pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀sí yẹn, "ẹ̀yin" tí wọ́n fi ń pe àgbà ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ó ti bí ọkùnrin báyìí. Lánàá, ọkọ mi wọ yàrá mi, ó ní ìyá òun fẹ́ kí n lọ, òun ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá fẹ́ dúró, lọ́jọ́ ìkómọ, n ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ àti àlejò, n ó gbé ọmọ náà lọ́wọ́, n ó sọ pé ó jọ bàbá rẹ̀ bí ìmumu, pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọkọ mi nígbà tí mo mú ọ̀rọ̀ dókítà wálé. Bí n kò bá ṣe é, kí n gba Òṣòdì wọ ọkọ̀ lọ sílé bàbá mi. Bó ti ń sọ ọ́, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Bí mo bá sọ òótọ́ fún ọkùnrin yìí, mo pa á. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, mo fẹ́ pa á.

Ọ̀la ni ìkómọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí: ṣé kí n gbé ọmọ ọlọ́mọ sókè kí n lè rí ibi sùn, àbí kí n tú u fó níwájú àlejò? Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọlọ́run kọ́ ló fẹ́ ju ẹrù mi síta.