Igbákejì Ààrẹ Tó Ń Gbé Èkó

Ní ìsọ̀ aránṣọ kan l'Ókè-Ìlá nílùú Adó ni mo ti gbọ́ bàbá kan àti ìyá àgbà kan, nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ Adó ń wá igbákejì ààrẹ.

Bàbá ní, "Ọ̀gbẹ́ni ará Èkó yẹn mọ̀wé lóòótọ́. Ó ní kí àwọn ọmọbìnrin pàápàá máa lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà rèé tí kò bá wa jẹ iṣu tuntun!"

"Ẹ ṣáà fi í sípò náà, bàbá."

"Ṣé èrò rẹ̀ wù yín ni?"

"Èmi ò mọ èrò kankan. Ṣebí òfin yín ní kí igbákejì máa gbé ulé, nílùú wa níbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í síbẹ̀. Ọmọ mi ni. Lọ́dọọdún ni mò ń bu iṣu tirẹ̀ sọ́tọ̀, èmi náà ni mo sì ń padà jẹ ẹ́."