Mọ́sálásí Ìyá Àlàájì Jìnádù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó tẹ́ ilẹ̀ fún wa láìgba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ máa bá Ańnábì wa àti àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ wà lẹ́yìn gàgá, ẹ̀yin ará wa onígbàgbọ́ tí ẹ wá bá wa jókòó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Òṣùwọ̀n ni wáàsí tòní dá lé. Mo mọ̀ pé bí mo ti dárúkọ òṣùwọ̀n báyìí, àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀wà àti gàrí ti ń tẹrí ba. Ẹ gbórí sókè. Ẹ̀yin kọ́ ni mo bá wá lónìí, àwọn onílé ni. Ẹni tó bá dín kóńgò kù, gbogbo wa la jọ ń pè é ní olè. Ẹni tó gbowó ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí kò sí, kí là ń pè é? Àlàájì là ń pè é. Ìjókòó iwájú la tún ń fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan fún yín. Ìlú rẹ̀ kò jìnnà síbí, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ ìlú náà, kí ẹ má baà máa wojú ara yín.

Àlàájì Jìnádù ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí. Ọmọ tálákà ni. Opó ni ìyá rẹ̀, Ìyá Ràlíátù. Òkúta ló ń fọ́ lẹ́bàá ọ̀nà fún àwọn tó ń kọ́lé, òun ló fi tọ́ ọ, òun ló fi rán an nílé ìwé. Nígbà tí owó dé, Jìnádù ra ilẹ̀ sí oríta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìtajà ńlá, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù lókè. Ibi tó ti ń sáré páànù àti sìmẹ́ńtì kiri ni àìsàn ti dá ìyá wólẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kó wá gbé e lọ sí ọsibítù tó dára. Ó ní kí wọ́n ní sùúrù, kí òun kan páànù tán ná, òjò ń bọ̀. Kó tó kan páànù tán, ìyá ti kú.

Ohun tó ń jẹ ọkùnrin yìí lọ́kàn nìyẹn. Bí ọ̀kánjúà rẹ̀ ti pọ̀ tó, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ó ní òun máa ṣe ṣàráà tí làádà rẹ̀ kò ní dáwọ́ dúró lórí ìyá òun nínú sàréè. Ó yọ àyè kan sọ́tọ̀ nísàlẹ̀ ilé ìtajà náà, ó fi ṣe mọ́sálásí. Ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó fa omi àlùwàlá wá, ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé Mọ́sálásí Ìyá Ràlíátù nìyí, ṣàráà láti ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ó mú àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Alfa Ṣúáíbù pé kó máa ṣe lémọ́mù níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìrun, Alfa á tọrọ pé kí Ọlọ́hun fi sàréè ìyá náà ṣe ibi ìsinmi fún un, jàmáà á ṣe àmín. Jìnádù á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọ́ àmín yẹn, omi á máa dà lójú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀nà tí òun fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá òun nìyẹn, kò sì ní òmíràn.

Ṣé iṣẹ́ rere kọ́ nìyẹn? Iṣẹ́ rere ni. Ẹ dúró ná.

Ilé parí, ó ku kí wọ́n háyà ṣọ́ọ̀bù. Jìnádù ní òun kò ní dá iye kan lé ṣọ́ọ̀bù bíi ti àtijọ́. Ẹsẹ̀ bàtà lòun máa fi gbowó. Bí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ bá ṣe fẹ̀ tó ni owó rẹ máa tó. Ohun tó dára ni, bí èèyàn bá ṣe é dáadáa. Ó pe ajẹ́ńtì kan tó máa ń báni wọn ilé. Ajẹ́ńtì na téèpù, ó bi í bóyá inú ògiri ni kí òun ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ògiri. Jìnádù ní ẹ̀yìn ògiri. Ta ló bá òun ra búlọ́ọ̀kù? Ó bi í nípa àwọn òpó ńlá tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù. Jìnádù ní kó kà wọ́n mọ́ ọn. Àtẹ̀gùn ńkọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńkọ́, ilé ìyàgbẹ́ ńkọ́? Ó ní kó pín wọn lé gbogbo ayálégbé lórí, ṣebí àwọn náà ló ń lò wọ́n. Ajẹ́ńtì wá dúró níwájú mọ́sálásí. Ó nawọ́ sí i.

Jìnádù wo orúkọ ìyá rẹ̀ lára ògiri.

"Ta ló ń kírun níbẹ̀?" ló wí. "Ṣé èmi nìkan ni? Pín in mọ́ wọn."

Sùbúhánálláhì. Ṣàráà tó lóun ṣe fún ìyá òun, àwọn ayálégbé ló ń dá owó rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnì kankan mọ̀ nínú wọn.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé hàráámù ni kí onílé ka ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Bí o bá pe ẹni tó fẹ́ háyà, tí o sọ fún un pé ibi báyìí ni téèpù mi ti bẹ̀rẹ̀, ibi báyìí ló parí sí, ògiri wà nínú ẹ̀, àtẹ̀gùn wà nínú ẹ̀, tó sì gbà kó tó kówó sílẹ̀, àdéhùn nìyẹn, hàlálì ni. Ohun tó sọ ọ́ di hàráámù ni pé ìwọ mọ̀, òun ò mọ̀, o sì ń wò ó níran.

Ẹni tó wá kó sí i ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Mùínátù. Fóòmù tí à ń sùn lé ló ń tà. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún un, iwájú ilé ló ti ń pàtẹ. Nígbà tí wọ́n pín ogún, ó kó gbogbo ohun tó kan òun àti àwọn ọmọ, ó fi gba ṣọ́ọ̀bù ọdún méjì lọ́dọ̀ Jìnádù, ó sì fi ìyókù ra ọjà. Kó tó sanwó, ó kúnlẹ̀, ó bi Àlàájì ní pẹ̀lẹ́ bóyá àyè tí òun máa kó ọjà sí ni wọ́n kà fún òun yìí.

"Wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ọmọ mi," ni Jìnádù wí. "Téèpù kì í purọ́."

Téèpù kì í purọ́ lóòótọ́. Ṣé téèpù ló di ara rẹ̀ mú ni?

Mùínátù gbà á gbọ́. Iye ẹsẹ̀ tí wọ́n pè fún un ló fi ṣírò iye fóòmù tí ṣọ́ọ̀bù máa gbà, iye yẹn ló sì ní kí iléeṣẹ́ kó wá. Ẹ̀yin náà mọ fóòmù. Bí ó ṣe gùn ló ṣe gùn, kò ṣeé ká kò bí ẹní. Ọkọ̀ dé, wọ́n ń tò ó wọlé, òpó kò jẹ́ kí wọ́n lè tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣọ́ọ̀bù kún dé ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ọjà ṣì pọ̀ nílẹ̀ níta. Awakọ̀ ní òun ń lọ ní tòun. Wọ́n to ìyókù sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òrùlé kò bò, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e sì ti ya níbi tí wọ́n ti ń fà á. Òjò àkọ́rọ̀ kì í dágbére. Kí wọ́n tó rí tápólì yá, fóòmù ti mu omi yó. Fóòmù tó bá ti mu omi dé inú, ta ló máa rà á? Ogún ọmọ òrukàn ni òjò pa lọ́sàn-án gangan yẹn.

Mùínátù kò pariwo. Ó dúró de Àlàájì lẹ́nu mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Alásárì, nígbà tí jàmáà ń jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wá ìyókù ṣọ́ọ̀bù mi," ló wí. "Mo ti sanwó rẹ̀, mi ò rí i."

Inú bí Jìnádù pé obìnrin ń bi òun léèrè ọ̀rọ̀ lójú èèyàn. Ìbínú yẹn ló jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ tú ohun tó ti ń bò mọ́lẹ̀. Ó ní ìyókù rẹ̀ wà nínú ògiri, ó wà lára òpó, ó wà lórí àtẹ̀gùn. Mùínátù ní òun ti fi téèpù wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, kò tíì pé.

"Ó kù sínú mọ́sálásí," ni Jìnádù wí. "Àbí orí afẹ́fẹ́ lẹ ti ń kírun ni?"

Gbogbo jàmáà dúró. Ẹlòmíì ti wọ bàtà kan, kò lè wọ ìkejì. Télọ̀ tó wà lókè, oníkẹ́míìsì, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí òun ti san.

Alfa Ṣúáíbù ló wá sọ̀rọ̀, kò sì gbé ohùn sókè. Ó ní, "Àlàájì, ọ̀kan lẹ máa mú. Bí mọ́sálásí yìí bá jẹ́ ṣàráà yín fún ìyá yín, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó àwọn èèyàn yìí, kí ẹ dá èyí tí ẹ ti gbà padà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n háyà rẹ̀ ni, a jẹ́ pé kì í ṣe ṣàráà yín nìyẹn." Ó ní kí ó lọ rò ó di ọjọ́ Jímọ̀.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀ tí òkúta ti bó ni Jìnádù ń rí. Ó tiẹ̀ dìde lọ́jọ́ kan pé òun ń lọ bá Alfa, òun máa dá owó padà. Ló bá rántí pé òun ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kejì. Ó rántí pé bí òun bá yọ mọ́sálásí, wọ́n á ní kí òun yọ ògiri, wọ́n á ní kí òun yọ òpó. Ọ̀kánjúà baba àrùn. Ó tún jókòó. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Ọlọ́hun mọ àníyàn òun, pé orúkọ tí wọ́n kọ sára ògiri kọ́ ló ń gbéni dé àlùjánnà. Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ òótọ́ ni Ṣàítánì fi mú un.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé, jàmáà kún, Jìnádù dé tòun ti akunlé. Ó ní, "Tiwọn ni. Wọ́n háyà rẹ̀." Ó wá ní kí akunlé pa orúkọ ìyá òun rẹ́. Ọ̀dà funfun àkọ́kọ́ kò bò ó. Ràlíátù ṣì ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Akunlé wojú Àlàájì bóyá ó ti tó. Jìnádù ní kó tún un kùn. Ọmọ tí ìyá fọ́ òkúta tọ́, ẹ wò ó bó ṣe dúró ti ẹni tó ń pa orúkọ ìyá rẹ̀ rẹ́ nítorí owó ilẹ̀.

Ó yíjú pé kí òun máa lọ ni Mùínátù sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gàgá. Ó bi Alfa bóyá ibi tí òun san owó rẹ̀ nínú mọ́sálásí yìí ti di ti òun wàyí. Alfa ní bí Àlàájì ṣe wí yẹn, tirẹ̀ ni títí owó rẹ̀ á fi tán.

"Ẹ bá mi jẹ́rìí sí i," ni Mùínátù wí. "Mo fi tèmi ṣe ṣàráà fún Ìyá Ràlíátù. Opó bíi tèmi ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi tọ́mọ."

Alfa ṣe àdúà fún ìyá náà bó ṣe máa ń ṣe é, àmín sì gba gbogbo ilé. Jìnádù wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń gbọ́ àmín náà bó ṣe máa ń gbọ́ ọ. Àdúà tí wọ́n ń ṣe fún ìyá tó bí i lọ́mọ, owó opó tó rẹ́ jẹ ló wà nídìí rẹ̀, kò sí kọ́bọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ ń retí lẹ́nu mi. Ẹ fẹ́ kí n sọ pé ilé náà wó. Kò wó o. Ó dúró digbí, wọ́n sì ti kọ́ èkejì tì í. Jìnádù wà láyé, ara rẹ̀ le, owó ń wọlé. Mùínátù ni kò rí nǹkan kan gbà. Nígbà tí owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tán, ó padà sí iwájú ilé pẹ̀lú ìwọ̀nba ọjà tó kù. Ó dùn mí, n kò ní sọ fún yín pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi Jìnádù: lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, tí ìyá rẹ̀ bá bi í pé ta ló rántí òun, kí ló máa wí?

Ìwọ onílé tó jókòó síbí, ilẹ̀ tí o fẹ́ gbowó rẹ̀, fi han ẹni tó fẹ́ sanwó. Fi ibi tí téèpù ti bẹ̀rẹ̀ hàn án. Ìwọ ayálégbé, má tijú, bèèrè lójú ẹlẹ́rìí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá sì fẹ́ ṣe ṣàráà, ohun tìrẹ ni kí o fi ṣe é.

Ọlọ́hun, bá wa wá ọ̀nà àbáyọ fún Mùínátù, kí O sì wo àwọn ọmọ rẹ̀ là. Bí Jìnádù bá wà láàárín wa níbí, tọ́ ọ sọ́nà kó dá ohun olóhun padà nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà. Àwa tí a bímọ, má ṣe jẹ́ kí ọmọ wa wà láyé, kí ó jẹ́ àlejò ni yóò máa bá wa tọrọ àforíjì. Àmín.