Ìwọ̀n Àzízì

Ẹ̀yin ará Kambolé, ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ti Tchamba àti Sokodé wá, a kú àráfẹ́rakù. Ọlọ́run kò ní í fi irú èyí dán wa wò mọ́.

Èmi Bàṣírù, alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa, ni mò ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹta rèé tí a sin Àzízì. Ẹbí ní kí n dìde, kí n ṣe bí a ti máa ń ṣe: kí n bẹ ẹnikẹ́ni tí olóògbé bá ṣẹ̀ pé kó foríjì í. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ fún mi, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ Àzízì. Àdúgbò Komah ní Sokodé ló ti ń ṣiṣẹ́ jíjó irin, àmọ́ kò gbàgbé ilé. Nígbà tí a fẹ́ kọ́ àngáà onírin tí a ó máa kó iṣu àti àgbàdo sí, òun la ránṣẹ́ pè. Ṣé ẹ rántí? Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ béèrè irin. Ó ní, "Báwo ni iṣu yín ṣe pọ̀ tó? Apá ibo ni ìjì ti máa ń wá?" A rẹ́rìn-ín. A ní ṣé ìjì ló fẹ́ kó síbẹ̀ ni? Ó ń wọn ilẹ̀, ó ń kọ ọ́ sínú káyé, ìwé ìkọ̀wé rẹ̀. Mítà méjìdínlógún ní gígùn, mẹ́jọ ní ìbú. Mo ní ó kéré. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, a kì í fojú wọn ilé irin. Afẹ́fẹ́ ni yóò wọ̀n ọ́n." Olóríkunkun! Mítà kan péré, kò fi kún un.

Ó wá fi irin ìdábùú mẹ́rin sáàárín àwọn òpó. Ó ní irin yìí ló di ilé mú, bí ọ̀já ṣe ń di ọmọ mú sẹ́yìn ìyá. Àwọn obìnrin ní ó ń kọ́ abọ́ orí àwọn. Sèínábù, o wà níbẹ̀, o ní irin náà fẹ́ ṣẹ́ ọ lọ́rùn. Àzízì ní kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà sì jìn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló gé irin náà? Ẹ̀ ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àwọn olè ni. Kì í ṣe olè. Èmi ni. Èmi ni mo pe ẹnì kan láti Tchamba, tí mo ní kó gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí Àzízì wà ní Sokodé. Bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká fọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. N kò rò ó. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́ báyìí, a ti rí fùrọ̀ adìẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Àzízì gbọ́, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí òjò bá ṣú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀. Mo ń bọ̀." Ojú tì mí. N kò sọ fún ẹnì kankan.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gbé irin tuntun sẹ́yìn alùpùpù, ó dé. Òjò ti ṣú. Ẹ ti sá sínú àngáà. Ó ń pariwo pé, "Ẹ jáde! Ẹ jáde!" Ẹ ò fẹ́ kí òjò pa yín. Ó ń fà yín síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ ló tì síta kẹ́yìn, Sèínábù. Ìjì dé, àngáà wó lulẹ̀. Òun kò jáde.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó gbẹ́ sàréè mú ọ̀pá, wọ́n fi wọn gígùn rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní ó kéré. Ìwọ̀n kan ṣoṣo tí a kò bá Àzízì jiyàn lé nìyẹn.

Ràhámátù, aya rẹ̀, o ń gbọ́ mi nínú yàrá. Kò sí ẹni tí ọkọ rẹ ṣẹ̀ níbí. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Bí o kò bá lè foríjì mí lónìí, n kò ní bínú. Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Àzízì, àbúrò mi, máa lọ ní àlàáfíà. Ọ̀nà á là fún ọ. Kí Ọlọ́run fẹ sàréè rẹ, mítà lórí mítà, bó ti wù Ú. Kí ẹnikẹ́ni má sì gé ohunkóhun kúrò níbẹ̀.