Iye Ọmọ tí Kọ̀ǹpútà Mi Kà

N kò ní pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ inú mọ́. Èmi Reuben, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì wa ní Ìkẹjà ń pè ní olóòótọ́, èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ Sùlíyá lọ́wọ́. Ó tó àkókò kí òtítọ́ jáde.

Ní ọdún 2006, èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń forúkọ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn ilé-iṣẹ́. Sùlíyá, ọmọ Agége, ló ń tẹ orúkọ wọn. Bí ó bá ti tẹ orúkọ ọmọ mẹ́ta sábẹ́ bàbá wọn, ojú kọ̀ǹpútà á kọ "ọmọ mẹ́ta", bẹ́ẹ̀ Sùlíyá kò tíì tẹ bọ́tìnì tó ń fi wọ́n pamọ́ sínú rẹ̀. Á rò pé wọ́n ti wọlé, á kọjá sórí òṣìṣẹ́ mìíràn, àwọn orúkọ náà á sì pòórá. Mo ti rí àṣìṣe yìí tipẹ́. Ọ̀lẹ ni mí, mo ní tó bá yá màá tún un ṣe.

Suara tó ń po ìyẹ̀fun gbé ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná janjan lọ sí ilé ìwòsàn náà. Nọ́ọ̀sì ní kò sí orúkọ rẹ̀, ó dá wọn padà. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Inú bí Ọ̀gbẹ́ni Moses, ọ̀gá wa, ó ní Sùlíyá kàn ń gba owó oṣù lásán ni. Sùlíyá ní òun tẹ orúkọ náà, kọ̀ǹpútà sì kà á lójú òun, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi hàn wọ́n.

Wọ́n ní ó di ẹ̀yìn oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun, mo yí ètò náà padà, kí ó máa ka kìkì ohun tí a bá ti fi pamọ́. Àtúnṣe tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá, kíákíá ni mo ṣe é, kí n lè fi sọ Sùlíyá di òpùrọ́. Ìkà ni mí. Sùlíyá jókòó, ó tẹ orúkọ mẹ́ta, ó ní, "Ẹ wò ó, sà, ó ti kà wọ́n." Òdo ni kọ̀ǹpútà kọ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì lé e lọ lọ́jọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a pàdé ní Dopemu níbi tó ti ń ta káàdì ìpè. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Bùọ̀dá Reuben, mi ò lè gbàgbé yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò bá wọn fi mí rẹ́rìn-ín."

Ní ọjọ́ Ajé, màá ka ìwé yìí níwájú Ọ̀gbẹ́ni Moses àti Suara, kí wọ́n lé èmi náà bí wọ́n bá fẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ tètè jẹ́wọ́ àṣìṣe yín, kí ẹlòmíràn má baà bá yín jìyà rẹ̀. Sùlíyá, jọ̀wọ́, foríjì mí. N kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà nítorí pé èmi nìkan ni mo mọ̀ pé òótọ́ lo sọ.